Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi, tó fẹ́ràn odò Suwannee

Bọ̀dá mi,

Ìyá arúgbó kan tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló rán mi létí yín lóru àná. Mò ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì lórí bẹ́ẹ̀dì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin. Ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣi ohùn orin náà kọ rárá. Orin odò Suwannee ni. Mo bo aṣọ lé e lẹ́sẹ̀, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì sunkún dáadáa kí n tó wọlé padà.

Ẹ ti mọ odò yẹn kí ẹ tó mọ Amẹ́ríkà. Bàbá ló kọ́ wa lórin rẹ̀ ní Iléṣà, pẹ̀lú dùùrù ilé ìwé tí wọ́n fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbe ohùn ìsàlẹ̀, Bàbá á sì máa mi orí sí yín. Nígbà tí ẹ wá di ará Jacksonville ní Florida, tí ẹnì kan sọ fún yín pé odò náà wà lóòótọ́, pé ẹ lè jáde nílé láàárọ̀ kí ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó mú, ìyàwó wa ní ẹ ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Bí ẹ ṣe ra RV nìyẹn, ọkọ̀ ńlá tí èèyàn lè sùn sí bí ilé. Àlòkù ni, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe tọ́jú ara yín lọ. A ó gba ọ̀nà I-10 títí dé Lake City, ká yà sí ọ̀nà 41, ká dé White Springs létí odò náà. Tí a bá ti dé pákì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ ti pákó sábẹ́ táyà, ẹ ó bu omi sínú ife, ẹ ó gbé e sórí tábìlì inú ọkọ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi ojú kan ṣoṣo wo omi náà bóyá ó dọ́gba. Tí kò bá dọ́gba, pákó mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà iná, lẹ́yìn ìyẹn ni họ́ọ̀sì omi. Ìgbà tí ẹ bá ti na ibòrí tán, tí ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀, ni ẹ tó máa kí mi pé, "Àbúrò mi, ẹ kú àbọ̀." Ẹ̀yin, tí ẹ jù mí lọ dáadáa, lẹ máa ń fi "ẹ" kí mi níbẹ̀, àfi níbẹ̀ nìkan.

Ibẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Omi náà dúdú bí omi àgbo tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta nínú ìkòkò, nítorí inú irà Okefenokee ní Georgia ló ti ń bọ̀, ewé àti gbòǹgbò igi ló rẹ ẹ́ láró kó tó máa ṣàn lọ sí Gulf of Mexico. Iyanrìn etí rẹ̀ wá funfun gbòò. Ògiri ibi ìwẹ̀ àtijọ́ tí àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń wá wẹ̀ nínú omi onímí-ọjọ́ ṣì dúró lẹ́bàá odò. Láàárín àwọn igi oaku ni ilé gogoro agogo wà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1958, tó ní agogo 97 nínú, tí gbogbo rẹ̀ ń dún orin Stephen Foster, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pákì náà.

Ẹ rántí ìjà wa lórí ọkùnrin yẹn. Mo ní kò fojú kan odò yìí rí. Pennsylvania ni wọ́n bí i sí ní 1826. Nígbà tó ń kọ orin náà ní 1851, Pee Dee, odò kan ní Carolina, ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kò sì dùn létí rẹ̀. Inú ìwé máàpù ni wọ́n ti rí Suwannee, ló bá gé orúkọ náà kúrú kó lè bá orin mu. Àwọn òyìnbó tí ń kun ojú wọn dúdú láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìtàgé ló kọ ọ́ fún. Olórí ẹgbẹ́ wọn, Christy, tilẹ̀ sanwó kí wọ́n lè tẹ orúkọ tirẹ̀ sórí ìwé orin náà. Foster fi sí ẹnu ẹrú aláwọ̀ dúdú pé oko tí wọ́n ti ń fi tipátipá mú un ṣiṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí! Florida fi ṣe orin ìpínlẹ̀ ní 1935, ó di 2008 kí wọ́n tó pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Inú bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá ní, "Ẹni tó bá ti jìnnà sílé ló ni orin náà."

Ẹni tó jìnnà sílé. Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Ẹ ń yí ẹja àrọ̀ lórí iná. Agogo ilé gogoro ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán. Fóònù yín dún lórí tábìlì, mo sì rí i pé +234 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ nu ọwọ́ yín sára ápírọ́ọ̀nù, ẹ gbé e, ẹ wò ó pẹ́, ẹ wá dojú rẹ̀ dé. Mo ní, "Bọ̀dá, ilé ni." Ẹ ní, "Mo rí i. Màá pè wọ́n lọ́la." Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ń fi ata kun ẹja lọ.

Ta ló ń pè? Ṣé Màámi fúnra rẹ̀ ni? Ṣé ẹ pè wọ́n lọ́la? Màámi kú kí òjò ọdún yẹn tó tán. Ẹ fi owó ránṣẹ́, owó gidi, màlúù tí wọ́n fi ṣe òkú náà kò kéré. Ẹ kò lọ. Ẹ ní ibi iṣẹ́ kò fún yín láyè. Ní Máàyù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún yín láyè láti lọ jókòó sí àjọ̀dún orin tí wọ́n ti ń ṣe ní pákì yẹn láti 1953. Mo béèrè nípa ìpè náà lọ́jọ́ tí wọ́n sin Màámi, ẹ ní kí n má bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó wa ní mo ti sọ ìpè kan di ẹjọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Foster tó kọ orin ilé fún gbogbo ayé kú sí ọsibítù ní New York ní 1864, sẹ́ǹtì 38 ló wà lápò rẹ̀. Ẹ mi orí nígbà tí a kà á. Ẹ̀yin náà kú sí ọsibítù, Bọ̀dá, Iléṣà kò sì rí yín mọ́.

Èmi ni wọ́n ń pè báyìí. Tí fóònù bá dún láago mẹ́ta òru, ilé ni. Páánù ẹ̀yìn ilé Màámi ti ká sókè. Ọmọ àbúrò Bàbá ti mọ ògiri yí kànga ká, ó ní ilẹ̀ òun ni. Onílé mi fi owó kún owó ilé. Orúnkún mi ń wú tí mo bá ti iṣẹ́ òru dé. Ọmọ mi ọkùnrin ti fi yunifásítì sílẹ̀, kò sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo ń gbé gbogbo ìpè náà, mo sì ń bínú sí yín bí mo ti ń gbé e, nítorí ẹ̀yin ni àgbà. Lẹ́yìn náà ni mo tún máa ń ronú pé ṣé bó ṣe rí fún yín nìyí ní gbogbo ọdún tí èmi kò tíì dé Amẹ́ríkà, tí ẹ̀yin nìkan ń gbé e? Ẹ ò sọ fún mi. Ẹ kàn ń wa RV lọ sétí omi.

Ìyàwó wa ti rí ẹni tó máa rà á, ará Valdosta kan. Ó béèrè bóyá kí òun mú nínú owó náà fún páánù ilé Màámi, mo ní kó mú un. Oníṣẹ́ páánù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, kí òjò tó wọlé. Ó ní igi òrùlé lápá yàrá yín ti jẹrà, pé kí wọ́n dí yàrá náà pa tàbí kí wọ́n pààrọ̀ igi rẹ̀, kí n mú ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Àbúrò yín