Ẹ̀dá Ìtàn Tó Ń Lọ, Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ẹ̀yìn Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń ṣe eré ọ̀daràn fún tẹlifíṣàn létí, pàápàá àwọn tó ń ya eré ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Apá tó kẹ́yìn síísìn ni iṣẹ́ wọn ti máa ń mẹ́hẹ, nígbà tí òṣèré kan bá fẹ́ kúrò. Àdéhùn rẹ̀ á parí, síísìn tuntun á bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á kàn ní wọ́n ti gbé e lọ sí Àbújá. Ó tán nìyẹn.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe irú ẹ̀. Lóṣù karùn-ún 2011, Law & Order: SVU, eré ọlọ́pàá kan ní Amẹ́ríkà, parí síísìn kejìlá pẹ̀lú ìbọn tó dún nínú ọ́fíìsì ọlọ́pàá; ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Elliot Stabler ló yìnbọn lu ọmọdébìnrin tó ń yìnbọn níbẹ̀. Àdéhùn Christopher Meloni, òṣèré tó ń ṣe Stabler, àtàwọn tó ni eré ò wọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí síísìn kẹtàlá dé, ọ̀gá wọn ló sọ fún Olivia Benson, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, pé Stabler ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ò dágbére fúnra wọn, àfi ìgbà tó padà wá ní 2021.

CSI, eré Amẹ́ríkà mìíràn lórí àwọn tó ń yẹ ẹ̀rí ọ̀daràn wò, mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Gil Grissom, ọ̀gá wọn nínú eré náà, tó lọ lóṣù kìíní 2009, Sara Sidle, olólùfẹ́ rẹ̀, ti lọ ní 2007. Wọ́n yìnbọn lu Warrick Brown, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ní òpin síísìn kẹjọ, ó sì kú sọ́wọ́ Grissom nígbà tí ìkẹsàn-án bẹ̀rẹ̀. Ó ti rẹ Grissom, a sì rí i lójú rẹ̀. Raymond Langston, ẹni tuntun, ti wọlé ní apá tó ṣáájú èyí tí Grissom fi lọ, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ dojú kọ. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: òǹwòran ti mọ ẹni tuntun kí ti àtijọ́ tó kúrò.

Ìjẹ̀bú ò gbọdọ̀ kẹ́yìn nínú èyí. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà, ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó sọ tíátà di iṣẹ́ àṣejẹun. Àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wà nílùú, ẹ gbé ìwé eré yín lọ fún wọn kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọlọ́pàá tó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, fẹ̀yìn tì ló kàn. Ẹ ti fi ọdún rẹ̀ sínú ìtàn láti apá kìíní. Tó bá jẹ́ tiransífà ni, ẹ fi lẹ́tà náà hàn wá ní apá mẹ́ta ṣáájú òpin, ká sì rí i bó ti ń kó fáìlì ẹjọ́ lé IPO (ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́) tuntun lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tí afurasí kọ sílẹ̀, ti àwọn ẹlẹ́rìí, àti àwọn ẹ̀rí tí wọ́n tọ́jú; ká tún rí i bó ti dá ìbọn rẹ̀ padà tó sì fọwọ́ sí ìwé. IPO tó ti lọ ibòmíràn ṣì lè padà wá jẹ́rìí. Tí ẹjọ́ náà bá wá dé kóòtù ní Ṣàgámù ní síísìn tuntun, ẹ lè pe òṣèré yẹn fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn kó tó lọ.

Tó bá jẹ́ ikú ni, ẹ má fò ó kọjá pẹ̀lú "lẹ́yìn oṣù mẹ́fà". A kì í sin òkú bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ẹ fi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, hàn nínú aṣọ ẹgbẹ́, kí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn láìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ibi tí ẹni tó ń lọ ti fara hàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, àti ojú rẹ̀ nìkan láti ìtòsí, bó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò fèsì. Ohun tí ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ máa ń wá tì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi í di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, á ti fá irùngbọ̀n fún eré ẹlòmíràn, ẹ̀yin á wá máa ya ẹ̀yìn orí ẹni tó wọ aṣọ rẹ̀. Òǹwòran ń rí i.

Olóòtú, nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá tún ń fọ̀rọ̀ wá olùdarí eré lẹ́nu wò lórí síísìn tuntun, ẹ ní kí wọ́n bi í léèrè ibi tí ẹni tó kúrò wà.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde