Lẹ́tà sí ọkọ àǹtí mi tó kó wá bá wa gbé

Bùrọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà sí yín nígbà tó jẹ́ pé ògiri kan péré ló wà láàárín yàrá wa, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wúkọ́ lóru mò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, tí n bá dúró síwájú yín, ẹ̀rín ni màá bú sí, màá wá yí i sí àwàdà, kò sì ní jáde bó ṣe yẹ. Ìyẹn ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹrin 2024 lẹ kó dé. Kẹ́ ẹ tó dé, èmi àti àǹtí mi la jọ ń gbé flat yẹn fún ọdún márùn-ún gbáko, yàrá méjì, pálọ̀ kan, máṣìnnì ìránṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, á máa ro ẹjọ́ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn fún mi, èmi á máa ránṣọ, màá máa bá a bú wọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé Ghana-must-go méjì wọlé pẹ̀lú fáànù yín tó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ nìyẹn parí. Láti ẹnu ọ̀nà, yàrá ló ń gbà lọ tààrà, ilẹ̀kùn á padé, èmi àti àjákù aṣọ á sì kù nílẹ̀.

Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan o. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní ọ̀lẹ ni yín ni, tàbí ọ̀mùtí, ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Ló bá di pé káàdì iná 5,000 tó ń gbé wa fún oṣù kan kì í tó ọjọ́ mẹ́wàá mọ́. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní ta ni ì bá tún jẹ́, ẹni tó gbé fáànù wá ni. Mo ra jotter. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́: Tuesday, ó tan fáànù láago méjì ọ̀sán. Wednesday, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta? Ojú ewé mọ́kànlá ni mo kọ kún. Máṣìnnì oníná tèmi tó ń sáré látàárọ̀ dalẹ́ ńkọ́? Mi ò kọ ìyẹn.

Ẹ rántí alẹ́ tí iná tán tí àǹtí mi ò sí nílé. Ẹ ra káàdì lórí fóònù, ẹ gbé fóònù náà fún mi pé kí n máa ka nọ́ńbà, ẹ̀yin ń tẹ̀ ẹ́ sára mítà, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu yín. Nọ́ńbà ogún, mò ń kà á ní mẹ́rin mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan. Mo ti gbọ́ ọ lórí redio pé àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ tó wákàtí 20 lójúmọ́, owó wọn ti kúrò ní naira 68 ó ti di 225, àmọ́ mo rò pé àwọn olówó Bódìjà ni wọ́n ń bá wí ni. Àṣé àwa náà wà níbẹ̀. 5,000 yẹn ò ju bíi yúníìtì 20 lọ mọ́, oṣù tẹ́ ẹ kó dé gan-an ni wọ́n sì fi owó lé e. Mo rí i, ó yé mi, mo panu mọ́. Mo ka nọ́ńbà tó kù fún yín, iná dé, mo wọlé lọ sùn.

Ìyẹn kéré. Tìyá onílé ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ mọ bí ìyá yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó bi mí pé, “Ọkọ tẹ́ ẹ gbé wọlé ńkọ́?” Ìyàwó la máa ń gbé, a kì í gbé ọkọ, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì mọ ohun tó ń sọ. Ó yẹ kí n dá a lóhùn. Ẹ̀rín ni mo rín, mo tún wá fi tèmi kún un pé, “Ó wà ńlé o mà, ó ń bá wa ṣọ́lé.” Mo yíjú báyìí, ẹ̀yin rèé lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀rá ọṣẹ àti korobá. Ẹ kí ìyá yẹn, ẹ pọnmi yín, ẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ ohun tó gbé yín dé Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiyín wà ní Ṣómólú, pé látìgbà tí naira ti já wálẹ̀ ní 2023 lowó pépà ti ń fò, àwọn oníbàárà ń sá, lanlọ́ọ̀dù yín wá ní kẹ́ ẹ sọ owó ilé di ìlọ́po méjì. Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣì sọ̀rọ̀ yẹn. Èmi tẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ ìdána, pẹ̀lú bí mo ṣe kéré tó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń retí kí àǹtí mi pè mí jókòó. Ẹ ò sọ fún un.

Sunday tí gaasi tán lẹ sọ pé, “Àna mi, wá bá mi rin ewùrà.” Ọwọ́ ń yún mi, ẹ ní kí n fi epo pa á. Ata ń hó lórí kóòlù pọ́ọ̀tù, ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ẹ ń fi ọwọ́ ju ewùrà síbẹ̀ ní díẹ̀ díẹ̀, mo gbé ṣíbí kí n rò ó, ẹ pariwo: “Má tíì rò ó! Jẹ́ kó dì ná. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, àmàlà lẹ mọ̀, bíi pé ẹ ń bá oúnjẹ jà.” Ibẹ̀ ni mo ti bi yín pé ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́bàá ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní, “Ẹ̀rọ wo? Fẹ́ iná yẹn, ó ti ń kú.”

Mo fẹ́ ẹ. Èéfín ló bá mi bo ojú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Kì í ṣe iná ló ń dùn mí, àǹtí mi ni mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín.

Lánàá ló sọ fún mi pé ẹ ti rílé sí Mọ́níyà, nítòsí reluwé tẹ́ ẹ fi ń lọ Èkó, pé oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa kó. Mo ti rò pé tí n bá gbọ́ irú ẹ̀ màá jó ni. Máṣìnnì ni mo gbájú mọ́, mo rán apá búbá oníbàárà sódì, mo ní láti tú u.

Tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fáànù yẹn sílẹ̀ fún mi. Èmi ni màá máa ra káàdì rẹ̀.