Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Ẹ jẹ́ ká wọn tọ́ọ̀pù kí ẹ tó ra písítìnì

Ẹ̀yin oníbàárà wa, òkun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ẹ́ńjìnnì ti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wá bá wa ní Kàbbà, ẹ kú ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ìdí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má tíì ra písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní sìlíńdà) ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn lágbára ju bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ lọ tún ń bínú pé a kì í fẹ́ bá wọn wọ písítìnì olórí gíga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wa.

Kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí písítìnì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ àti epo á kún sìlíńdà. Bó bá gòkè tán, gbogbo rẹ̀ á há sínú àyè kékeré tó kù lábẹ́ tọ́ọ̀pù, ìyẹn irin tó dé orí sìlíńdà. Iye ìgbà tí àyè ńlá fi ju àyè kékeré yẹn lọ la ń pè ní 9, 10 tàbí 11. Bí nọ́ńbà náà bá ga, epo kan náà á mú agbára tó pọ̀ sí i wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná, bó bá sì gbóná kọjá ohun tí bẹntiróò lè fara dà, epo tí iná plọ́ọ̀gì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á dédé gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo, pàápàá bí ẹ bá ń gun òkè lójú ọ̀nà Òmùò, tí ẹrù wúwo, tí ẹ kò sì tíì já jíà sílẹ̀. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wò: ẹ ó rí ẹ̀kán fàdákà tíntìntín lára tánganran funfun rẹ̀. Ara písítìnì ló ń yọ́ lọ yẹn. Tó bá pẹ́, etí ibi tí ríǹgì jókòó sí á ṣẹ́.

Oríṣi bẹntiróò kan ṣoṣo ni ilé epo ń tà fún wa níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, pọ́ǹpù kan náà lè ní oríṣi mẹ́ta, kí onímọ́tò yan èyí tó lè fara da ooru jù. Àwọn tí ẹ ń wò lórí fóònù tí wọ́n ń lo kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n 12, àwọn mìíràn nínú wọn ń sun ethanol. Epo tí wọ́n fi ń ṣe é kò sí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Camry 2.2, 5S-FE, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ojú sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 87, písítìnì ń rin 91, nítorí náà sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi cc 541. Kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n 9.5 ni wọ́n fi ṣe é, àyè òkè sì jẹ́ nǹkan bíi cc 63.6. Ká ní tọ́ọ̀pù ti gbóná, ó ti tẹ̀, wọ́n sì fá ààbọ̀ mìlímítà kúrò lára rẹ̀. Àyè yẹn lè dín ní cc 3, kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n á di 9.9. Ẹ wá ríbọ̀ọ̀, ìyẹn ni pé ẹ gé inú sìlíńdà kó fẹ̀ sí i, ẹ wọ písítìnì tó fi ààbọ̀ mìlímítà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó ti di 10. Ẹ kò tíì fọwọ́ kan bí orí písítìnì ṣe rí o! Bó bá wá jẹ́ olórí gíga tó gba cc 6 lára àyè náà, 11 nìyẹn. Tọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ẹ rà, ta ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fá a?

Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n. A ó yí tọ́ọ̀pù padà kí abẹ́ rẹ̀ kọjú sókè, kó sì tẹ́jú, fáàfù àti plọ́ọ̀gì á wà nípò wọn. A ó fi gíríìsì díẹ̀ pa etí rẹ̀, a ó fi ike tó mọ́ gaara tí a lu ihò sí dé e, a ó wá fi síríńjì ta kẹrosíìnì tí a ti pa láró sínú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kankan kò fi ní kù lábẹ́ ike. Bí èéhó kékeré kan bá ṣì wà níbẹ̀, a kò tíì ṣe tán. Iye kẹrosíìnì tó wọlé ló ń sọ bí àyè náà ṣe tóbi tó. A ó tún wọn bí písítìnì ṣe súnmọ́ ojú bulọ́ọ̀kù (irin ńlá tí sìlíńdà wà nínú rẹ̀) tó nígbà tó gòkè tán, àti bí gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín bulọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù ṣe nípọn tó lẹ́yìn tí a bá ti dè é.

Bí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n bá ga jù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to gáskẹ́ẹ̀tì méjì léra. Etí písítìnì yẹ kó súnmọ́ tọ́ọ̀pù tó bíi mìlímítà kan kí afẹ́fẹ́ àti epo lè pòpọ̀ dáadáa. Bó bá jìnnà jù, ariwo tí ẹ ń sá fún tún lè padà wá. Písítìnì olójú kòtò ló dára jù níbẹ̀.

Fún ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sọ́jà, písítìnì tí wọ́n yọ́ irin rẹ̀ dà, tó jẹ́ ojúlówó, ni a ó gbà yín níyànjú láti rà. Èyí tí wọ́n fi agbára tẹ̀ le gan-an, ó sì yẹ ẹni tó fẹ́ wọ tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì), tí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀ yóò wà ní bíi 8.5 sí 9. Ṣùgbọ́n ó máa ń wú ju ti dídà lọ bó bá gbóná, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín òun àti sìlíńdà á tóbi, ẹ ó sì gbọ́ ariwo rẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Ní ti Peugeot 504, písítìnì àti sílíìfù rẹ̀ (ògiri sìlíńdà tó ṣeé yọ) jọ ń wá ni; kò sí ọ̀rọ̀ ríbọ̀ọ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé tọ́ọ̀pù àti bulọ́ọ̀kù wá. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ yóò ṣe fún wa, a ó sì kọ písítìnì tí ẹ máa rà sínú ìwé. Bó bá dé ni a óò tó ríbọ̀ọ̀, nítorí ìwọ̀n písítìnì gan-an ni a fi ń gé sìlíńdà. Bí ẹ bá ti rà á tẹ́lẹ̀, ẹ mú un wá pẹ̀lú páálí àti rìsíìtì rẹ̀. Bó bá bá ìwọ̀n mu, a ó lò ó. Bí kò bá bá a mu, ẹ ó rí nǹkan mú padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá ilé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, Kàbbà