Ìkéde: Orin Tí A Máa Lò fún Bàǹdì Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Sáà Tó Ń Bọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ orin ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o.

Kí oníkálukú mú orin méjì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀: ọ̀kan tó kọ fúnra rẹ̀, ọ̀kan tó yàn. Èyí tí àwọn ọmọ lè fọn já gaara la fẹ́, ì báà kúrú.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè, ẹ gbé orin yín ka B flat tàbí E flat, ìyẹn ni pé kí dò orin náà bọ́ sórí nóòtì yẹn. Ẹ má fún gbogbo wọn ní ìwé kan náà, ẹ jọ̀ọ́. Nóòtì kan náà nínú ìwé kì í dún bákan náà lórí gbogbo fèrè: bí trumpet bá fọn C tó wà nínú ìwé rẹ̀, B flat ló ń dún. C ti alto saxophone, E flat ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì dún B flat, C lẹ máa kọ fún trumpet, G fún alto. Ibi tí orin ti ń bàjẹ́ jù nìyẹn.

Ètè ọmọdé tètè ń rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn onífèrè máa sinmi, kí gángan gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ orin Yorùbá, kí fèrè bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ṣebí a rí bí ọ̀rọ̀ ṣe dàrú nínú ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ. Ó ń dunni gan-an.

Ẹ kọ dò-rè-mí sábẹ́ ìwé fèrè kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ tí kò tíì lè ka nóòtì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́