Nígbà Tí Ọkàn Wa Bá Gbè Sẹ́yìn Ẹlẹ́ṣẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo kí yín ní orúkọ Jésù Krístì. Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ ronú lórí ẹ̀bi, àti lórí bí ènìyàn ṣe ń gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ títí ẹ̀ṣẹ̀ náà yóò fi bá ọgbọ́n mu lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ìwé ìtàn àròsọ ni mo fẹ́ mú wá síwájú yín, èyí tí ó máa ń mú ọkàn ẹni sókè láti ojú ìwé kan dé èkejì. Mo mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ kan kò fẹ́ kí ọmọ Ọlọ́run máa ka ìtàn ìpànìyàn, n kò sì ní bá wọn jiyàn nípa gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí púpọ̀ wà nínú wọn tí kò ní ju ẹ̀jẹ̀ àti ariwo lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi làákàyè kọ lè fi ọkàn ènìyàn hàn án ju bí ọ̀pọ̀ ìwàásù ti lè ṣe lọ.

Ìwé tí mo ní lọ́kàn ni Crime and Punishment, tí Fyodor Dostoevsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ, tí ó sì jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan ní ọdún 1866. Òǹkọ̀wé náà kò fi àgbọ́sọ kọ ọ̀rọ̀ ìjìyà. Ní ọdún 1849 ni ìjọba mú un, wọ́n sì ti mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi tí wọn yóò ti yìnbọn pa wọ́n kí àṣẹ ọba tó dé pé kí a dá ẹ̀mí wọn sí. Ó lo ọdún 4 nínú ẹ̀wọ̀n ní Siberia, agbègbè olótùútù tí ó jìnnà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pẹ̀lú Májẹ̀mú Titun kan tí àwọn obìnrin kan fún un lójú ọ̀nà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé ni Raskolnikov, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí òṣì ti lé kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ìlú St. Petersburg. Ìyá arúgbó kan wà nítòsí tí ó ń yá ènìyàn lówó èlé, tí ó sì ń gba ohun ìní wọn ṣe ìdógò. Raskolnikov ti ka ìṣísẹ̀ tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dé ilé arúgbó náà, ó sì mọ̀ pé 730 ni, kò lé, kò dín. Ó rán okùn aṣọ kan mọ́ inú ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ lábẹ́ apá, kí ó lè fi gbé àáké kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó ka ìṣísẹ̀, kí ó sì tó mú abẹ́rẹ́ rán aṣọ, ó ti ṣe ìṣirò kan nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti gbọ́ nílé ọtí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ fún ọmọ ogun kan pé, bí a bá pa arúgbó yìí, ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore, tí a sì fi owó rẹ̀ ṣe oore fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ǹjẹ́ oore náà kò ní bo ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo náà mọ́lẹ̀? Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rò nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń jẹ gbèsè nítorí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ti gbà láti fẹ́ ọkùnrin tí kò ní ìfẹ́ sí, kí ọ̀nà lè là fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí àánú kò ní ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí ìṣirò yẹn, nítorí mo gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ṣubú, ó kàn jẹ́ pé àáké kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọjọ́ náà pé tí ó sì pa arúgbó náà tán, Lizaveta, àbúrò arúgbó náà, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Raskolnikov pa òun náà. Orúkọ obìnrin yìí kò sí nínú ìṣirò rárá. Kò sí oore tí ikú rẹ̀ yóò ṣe fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí àwíjàre kankan tí a ti pèsè sílẹ̀ fún un. Síbẹ̀ ó kú, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ìdí rere gbà wọlé kì í béèrè lọ́wọ́ wa iye àlejò tí òun yóò mú wá. Ohun tí ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé, lẹ́yìn náà, Raskolnikov fúnra rẹ̀ ṣàkíyèsí pé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí Lizaveta, àfi bí ẹni pé òun kọ́ ni òun pa á.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé náà ti mú èmi fúnra mi ni ibi tí ó tẹ̀ lé e. Òkú méjì wà nílẹ̀, apànìyàn náà sì wà nínú ilé pẹ̀lú àáké lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n wá bá arúgbó náà dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fa agogo, wọ́n mi ilẹ̀kùn jìgìjìgì. Ọ̀kan nínú wọn ṣàkíyèsí pé ilẹ̀kùn náà ń mì díẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ìkọ́ ni a fi há a láti inú, pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ lọ pe aṣọ́lé, èkejì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ka ibẹ̀ rí, ẹ fi òótọ́ inú dáhùn: ta ni ẹ ń gbàdúrà fún ní ìṣẹ́jú yẹn? Ọkàn ẹni yóò máa lù kìkì, ẹni yóò sì máa fẹ́ kí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáà kúrò níbẹ̀ kí apànìyàn lè rí ọ̀nà sá lọ. Nígbà tí sùúrù rẹ̀ sì tán tí ó kúrò, ara yóò tu òǹkàwé. Láàrín ojú ìwé mélòó kan, a ti gbàgbé àwọn obìnrin méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì gbẹ, a ti wá gbè sẹ́yìn ẹni tí ó pa wọ́n. Kò sì sí ohun méjì tí ó fà á ju pé inú orí rẹ̀ ni a ti ń wo ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A mọ ebi tí ó ń pa á, a ti gbọ́ lẹ́tà ìyá rẹ̀, a mọ ìbẹ̀rù rẹ̀. Ti àwọn tí ó kú, díẹ̀ ni a mọ̀.

Ẹ̀yin ará, bí a ṣe ń ka ìwé ayé tiwa nìyẹn lójoojúmọ́. Inú ara wa ni a ti ń wo ohun tí a ṣe, nítorí náà ìdí rẹ̀ kì í wọ́n wa. Ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé tí ó mọ̀ pé irọ́ wà nínú rẹ̀ mọ bí ọ̀gá ṣe dúró lé e lórí. Ẹni tí ó mú nínú owó tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ iye owó ìwòsàn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ìwà náà pa lára kò fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀ nínú ìtàn tí a ń sọ fún ara wa.

Ohun tí ó ṣe Dáfídì náà nìyẹn nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 11. Lẹ́yìn tí ó ti bá Bátíṣébà, aya Ùríà, ṣe àgbèrè, ó kọ lẹ́tà sí Jóábù, olórí ogun rẹ̀, pé kí wọ́n fi Ùríà síwájú níbi tí ogun ti gbóná jù, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Ùríà fúnra rẹ̀ ni ó fi lẹ́tà náà rán. Ẹ wo bí ọkùnrin olóòótọ́ náà ṣe gbé ikú ara rẹ̀ rìn lójú ọ̀nà láìtú ìwé wò. Ẹ sì wo ẹsẹ 17 dáadáa, nítorí a sábà máa ń kà á kọjá: àwọn mìíràn nínú àwọn ènìyàn Dáfídì ṣubú lójú ogun ọjọ́ náà pẹ̀lú Ùríà. Àwọn náà kò sí nínú ìṣirò ọba. Nígbà tí ìròyìn dé, ohun tí Dáfídì ní kí wọ́n sọ fún Jóábù ni pé kí ó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú lójú rẹ̀, nítorí bí idà ṣe ń pa ti ọ̀hún ni ó ń pa ti ìhín. Ọba ti rí àwíjàre, ó sì mú aya òkú wálé.

Ọlọ́run rán Nátánì sí i, Nátánì kò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbáwí. Ìtàn ni ó sọ, nípa ọlọ́rọ̀ kan tí ó mú ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Nítorí pé ìta ni Dáfídì ti ń wo ìtàn yìí, ìdájọ́ rẹ̀ tọ́, inú sì bí i gidigidi. Ìgbà náà ni wòlíì wí pé, “Ìwọ ni ọkùnrin náà.” Ìdí tí n kò fi lè kẹ́gàn ìtàn àròsọ tí ó dára nìyí. Ó lè gbé wa sínú ẹlẹ́ṣẹ̀ títí a ó fi rí bí ó ti rọrùn tó láti bá a lọ, ó sì lè mú wa jáde kí a wo ara wa láti ìta.

Raskolnikov kó ohun tí ó jí pamọ́ sábẹ́ òkúta ńlá kan nínú ọgbà kan, kò sì ṣí àpò owó náà wò. Nígbà tí ẹjọ́ dé, ẹnu ya àwọn adájọ́ pé kò mọ iye tí ó wà níbẹ̀. Rúbù 317 àti kópẹ́ẹ̀kì 60, owó ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni wọ́n bá, lára owó bébà náà sì ti bàjẹ́ sábẹ́ òkúta. Gbogbo oore tí ó fẹ́ ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò jáde kúrò lábẹ́ òkúta yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó pànìyàn, ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa àwọn obìnrin náà. Síbẹ̀ ibà dá a wó, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ di ẹrù lórí rẹ̀, kò lè jókòó ti ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Onísáàmù ti wí i ní Orin Dáfídì 32: “Nígbà tí mo dákẹ́, egungun mi di gbígbó.” Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń jẹ egungun.

Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ ni Sonya, ọmọbìnrin kan tí òṣì ti tì sínú iṣẹ́ aṣẹ́wó kí àwọn ọmọ inú ilé wọn lè jẹun. Raskolnikov ní kí ó ka ìtàn Lásárù fún òun, nínú Jòhánù orí 11, Sonya sì kà á pẹ̀lú ohùn tí ń gbọ̀n. Raskolnikov béèrè ibi tí Sonya ti rí Májẹ̀mú Titun náà. Lizaveta ni ó mú un wá fún un. Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí wò: inú Májẹ̀mú Titun tí ó wá láti ọwọ́ obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ pa ni apànìyàn náà ti ń gbọ́ pé òkú ọjọ́ mẹ́rin lè jíǹde. N kò mọ ibòmíràn nínú ìwé àròsọ tí a ti fi oore-ọ̀fẹ́ hàn báyìí.

Sonya sọ fún un pé kí ó lọ sí oríta, kí ó fi ẹnu ko ilẹ̀ tí ó ti sọ di àìmọ́, kí ó sì jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé. Ó lọ, ó kúnlẹ̀, àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì há sí i lọ́fun. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ fún àwọn ọlọ́pàá, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n àṣekára fún ọdún 8, Sonya sì bá a lọ sí Siberia. Síbẹ̀ òǹkọ̀wé náà kò tan wá jẹ. Fún ìgbà pípẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n, Raskolnikov ṣì ń rò pé àṣìṣe òun kò ju pé òun kò lè fara dà á lọ. Ó ti jẹ́wọ́, kò tíì ronú pìwà dà. Júdásì náà jẹ́wọ́ pé òun ti ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀, ó sì dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà, ṣùgbọ́n kò padà sọ́dọ̀ Olúwa. Ìbànújẹ́ ọkàn lè mú ènìyàn lọ sí ọ̀nà méjèèjì, ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí onígbàgbọ́ tí ó rò pé bí òun ṣe ń jìyà nínú ọkàn òun ti tó láti san gbèsè náà.

Ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ọ̀sẹ̀ yìí, a ó ka Sámúẹ́lì Kejì orí 11 àti 12 pọ̀ mọ́ Orin Dáfídì 32. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí ohun kan bá sì wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ti dákẹ́ lé lórí, èmi yóò wà ní ọ́fíìsì ìjọ lẹ́yìn ìsìn, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó pẹ̀lú wa bí ẹ kò bá fẹ́. Bí ó bá jẹ́ owó ni ó yẹ kí a dá padà, tàbí ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó yẹ kí a lọ bá, tàbí iwájú òfin ni ọ̀rọ̀ náà yóò dé, n ó tẹ̀ lé yín lọ.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Krístì