Iye Ọdún Tí Oríkèé Àtọwọ́dá Lò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn oríkèé ìbàdí àti orúnkún tuntun tí wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú irin títáníọ̀mù mọ ní ìpele ìpele, tí ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, nítorí pé oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá ni èmi náà fi ń rìn láti ọdún 11 sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tí ó jẹ́ fún ènìyàn láti tún dìde lórí ibùsùn láìké igbe ìrora. Síbẹ̀, ohun kan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn oríkèé yìí dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ ti sọ iye ọdún tí wọ́n ti lò lára ènìyàn, tàbí iye ènìyàn tí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn iṣẹ́ yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, John Charnley, dókítà eegun ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù irin kékeré rọ́pò orí egungun itan, ó sì ń fi ike Teflon tẹ́ kòtò tí bọ́ọ̀lù náà ń yí nínú rẹ̀, nítorí pé ike náà ń yọ̀ dáadáa. Ìrora àwọn aláìsàn dáwọ́ dúró, wọ́n ń rìn, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Kò pẹ́ rárá tí ike náà fi jẹ, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ba ẹran ara tó yí oríkèé náà ká jẹ́, tó fi di dandan láti tún ọ̀pọ̀ nínú wọn là. Charnley fi díẹ̀ nínú ike náà sínú itan ara rẹ̀ kí ó lè rí ohun tí ara ń fi í ṣe. Ní 1962, Harry Craven tó ń bá a ṣe àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ rí ike mìíràn, ìyẹn polyethylene. Charnley fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà pé kò lè wúlò. Craven kò gbé e sọnù. Ó fi í sórí ẹ̀rọ tí ń lọ ike mọ́ irin tọ̀sán-tòru, ó sì rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé díńkín ló jẹ. Irú ike yẹn náà ni a ṣì ń lò títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwà Charnley ni èyí tó ṣe lẹ́yìn náà. Kò gbà kí wọ́n ta oríkèé náà fún dókítà tí kò tíì wá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bẹ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i kí a lè yọ oríkèé náà lẹ́yìn ikú wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí Teflon ti já kulẹ̀ kò tún fẹ́ gba ìdùnnú ọdún àkọ́kọ́ gbọ́.

Polyethylene náà sì ní àléébù tirẹ̀, tó jẹ́ pé ọdún gbọọrọ nìkan ló fi í hàn. Bí ó ti wù kí ó jẹ díẹ̀ tó, ó ń tú lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀; àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé àjèjì mì nínú ara á gbé e mì, wọn kò ní lè dà á, ara á wá bínú sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun tó yẹ kó di oríkèé náà mú, títí yóò fi máa mì. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi ìtànṣán so àwọn fọ́nrán ike náà pọ̀ kí ó lè le sí i. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwòrán eegun tí wọ́n ń yà fún àwọn aláìsàn kan náà fún ohun tó lé ní ọdún 10 ló jẹ́ kí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé e.

Ẹ wá wo ti àwọn oríkèé ìbàdí tí irin ń yí nínú irin. Ẹ̀rọ ìdánwò yìn wọ́n, wọ́n sì tà káàkiri. Nínú ara ènìyàn, kobalt àti kromíọ̀mù, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n, ń jáde lára wọn, ó sì ń ba ẹran ara jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kó ọ̀kan nínú wọn kúrò lọ́jà ní 2010, ó ti wọ ara àwọn ènìyàn bí 93,000. Ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè, níbi tí wọ́n ti ń kọ oríkèé tí wọ́n fi sí ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan àti èyí tí wọ́n tún pààrọ̀, irú èyí tí Sweden bẹ̀rẹ̀ fún orúnkún ní 1975 àti fún ìbàdí ní 1979, tí Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wá ní, ló ń jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ hàn síta, nítorí pé dókítà kan ṣoṣo kò lè rí aláìsàn tó pọ̀ tó láti mọ̀ ọ́n. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kí ìwádìí tó jáde nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, ní 2019 lè sọ pé nínú 100 oríkèé ìbàdí, bí 58 ló ń lo ọdún 25, bí 82 sì ni ti orúnkún. Ẹ ṣàkíyèsí pé oríkèé tí wọ́n fi sí ara ènìyàn ní ọdún 25 sẹ́yìn ni iye yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe èyí tó jáde lánàá.

Èmi kò kórìíra títáníọ̀mù oníhò wẹ́wẹ́ tí ẹ kọ nípa rẹ̀. Láti 1952 tí Per-Ingvar Brånemark, olùwádìí ará Sweden, ti rí i lára ehoro pé egungun ń lẹ̀ mọ́ títáníọ̀mù pinpin ni ìrètí ti wà níbẹ̀, irin tó sì ní ihò kò le gan-gan bí èyí tó dì; èyí tó dì yẹn ni kì í jẹ́ kí egungun ru ẹrù tirẹ̀ mọ́, tí egungun náà á sì máa fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n inú ihò wẹ́wẹ́ kan náà ni kòkòrò àrùn lè sá pamọ́ sí bí ó bá ṣáájú sẹ́ẹ̀lì egungun débẹ̀.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ròyìn oríkèé tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa bi àwọn tó ṣe é pé ọdún mélòó ni, lára ènìyàn mélòó, àti ta ni ń pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn ọmọ mi sì ti fọwọ́ sí i, pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí wọ́n yọ oríkèé ìbàdí mi fún àwọn olùwádìí kí wọ́n lè wọn bí ó ti jẹ tó.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.