Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Hull, ní England

Òkè-Fíà, Òṣogbo.
20 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo yà kí màmá rẹ ní Ìgbọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú. Ara wọn le, àmọ́ wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ohùn rẹ. Jọ̀ọ́, pè wọ́n.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé o ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ mọ́, torí pé Hull FC, ikọ̀ rọ́gíbì rẹ, ti já ẹ kulẹ̀. Òótọ́ lo sọ. Eré 27, wọ́n borí nínú 3 péré! Ipò 11 nínú ikọ̀ 12. Máàkì kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú London Broncos tó gbẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ ayò ló kó wọn yọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́, nínú oṣù Kejì, tí Hull KR, ikọ̀ kejì ní ìlú yín, wá bá wọn nílé tí wọ́n sì nà wọ́n 22 sí 0. O gbé fóònù sókè nínú pápá kí n lè máa rí i. Níbí, iná ti lọ, mo fi fóònù ti àtùpà lórí tábìlì, Kẹ́hìndé jókòó tì mí. Nẹ́tíwọọ̀kì ń já, ó ń padà. Ọmọ náà wò títí, ó ní, "Dádì, kí ló dé tí wọn ò mú un?" Mi ò rí èsì fún un.

Ìbéèrè rẹ̀ yẹn gan-an ló mú mi rántí Danny Houghton, agbábọ́ọ̀lù Hull FC, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì dùn mí ju ipò 11 lọ. Ṣé o rántí àṣekágbá ife Challenge Cup ní Wembley, 2016? Látọjọ́ tí aláyé ti dáyé títí di ọjọ́ yẹn, Hull FC ò gba ife kankan ní Wembley rí. Warrington ti fi 10 sí 0 ṣáájú, Hull FC lé wọn bá, ó di 12 sí 10. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, Ben Currie ti Warrington gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, ó ku kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó fi jẹ ayò. Houghton já lù ú, ó dì mọ́ ọn, bọ́ọ̀lù fò yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, ìdìmọ́ni kan ṣoṣo! Láti 2007 ni Houghton ti wà ní Hull FC, kò gbá fún ikọ̀ mìíràn ní Super League, líìgì tó ga jù. Ọdún yìí ló fẹ̀yìn tì, irú sáà yìí ni wọ́n sì fi dágbére fún un. Ó dùn mí bíi pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Àwọn kan ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ló fà á. Èmi ò gbà. Wọ́n lé Tony Smith lọ nínú oṣù Kẹrin, Simon Grix bọ́ síbẹ̀, ìyà ò dáwọ́ dúró. Nínú eré yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ikọ̀ gbọ́dọ̀ wó alátakò lulẹ̀ kí alátakò tó yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù. Ikọ̀ tó bá ti rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ta ló fẹ́ gbà á? John Cartwright, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tó ń bọ̀ láti Ọsirélíà, ìdìmọ́ni ni kó kọ́kọ́ kọ́ wọn.

O ní inú rẹ dùn nígbà tí Wigan na Hull KR 9 sí 2 nínú àṣekágbá líìgì ní Old Trafford lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú tèmi ò dùn. Àwọn ará òdìkejì odò yẹn ṣiṣẹ́ débẹ̀, ìjákulẹ̀ wọn ò sì fi máàkì kankan kún tiwa.

Ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, gbé fóònù sókè bíi tàtẹ̀yìnwá. Màá ti ra dátà sílẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún Kẹ́hìndé pé lọ́tẹ̀ yìí, yóò rí bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Ìbejì